Alofẹ́rà Ìyá Mi ní Topo

Tí ẹ bá rí èmi àti ìyá mi lójú ọ̀nà, ẹ ò ní gbà pé òun ló bí mi. Èmi ga, mo sì sanra. Òun rí tín-ín-rín, kò ga ju èjìká mi lọ. Ẹnu nìkan la fi jọra. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, èmi á fi méjì dá a lóhùn, àwọn tó wà nítòsí á sì máa wò wá bíi pé kí wọ́n wá làjà. A kì í jà. Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn.

Topo ló ń gbé, lódìkejì ọ̀sà, nínú ilé oníyàrá méjì tí bàbá wa kọ́ sáàárín igi àgbọn. Òkun wà lẹ́yìn ilé, ọ̀sà wà níwájú ilé, òun jókòó sáàárín bí ìyàwó olóyè. Èmi ń gbé ní Aradagun, níbi tí mo ti ń ta rọ́bà: abọ́, garawa, asẹ́, ike omi, póò ọmọdé, gbogbo ohun tí kì í fọ́ bí ẹ bá tiẹ̀ sọ ọ́ lu ọkọ yín. Àbúrò mi ọkùnrin, bíríkìlà ni, Morogbo ló kọ́lé sí lẹ́bàá títì márosẹ̀. Àwa méjèèjì nìkan ló kù fún ìyá wa.

Ó ti tó ọdún méjì tí àbúrò mi ti ń sọ ọ́ pé kí ìyá wa wá máa bá òun gbé. Ó tiẹ̀ kọ́ yàrá kan mọ́ ilé rẹ̀, ó kùn ún ní búlúù, ó ra fáànù sí i. Ìyá mi lọ wo yàrá náà lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́tí sí àwọn tírélà tó ń kọjá, ó tẹ bẹ́ẹ̀dì náà wò, ó ní:

"Yàrá yìí dára gan-an. Ta ló fẹ́ máa gbé ibẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Mààmi."

"Èmi kọ́. Èmi nílé."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi gbé oúnjẹ wá, ìyá mi jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó wọ ọkọ̀ padà sílé rẹ̀. Fáànù yẹn wà níbẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí inú ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ létí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, èmi ló fi ọ̀rọ̀ náà tó létí. "Ó di ọjọ́ karùn-ún lónìí tí mo ti lọ sí ẹ̀yìnkùlé gbẹ̀yìn," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè. Ikùn rẹ̀ le, ó ń gùnfẹ̀ ṣáá, oúnjẹ kò wù ú mọ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé bó bá ń run gàrí gbígbẹ pọ̀ mọ́ àgbọn, èèyàn á máa gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìta, wá ń wo ẹja yíyan bíi pé ẹja náà bú u.

Àbúrò mi wá kí i lọ́jọ́ Sunday kan, ó rí i pé ó fi ẹja sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Kò wulẹ̀ bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ó nà gbọọrọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní:

"Mààmi, ọjà mẹ́rin ni mo fún yín. Tí ara yín ò bá tíì padà sípò, ẹ̀ ń bá mi lọ sí Morogbo nìyẹn. Tí ẹ bá ní ẹ ò lọ, màá gbé yín kọ́ èjìká."

"Èjìká wo? Èyí tí mo máa ń fi kàn-ìn-kàn-ìn họ fún ọ nígbà tí ìdọ̀tí ò jẹ́ kí n mọ àwọ̀ ẹ?"

"Èyí náà ni."

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ọjà la ṣì fi ń ka ìgbà. Ọjà mẹ́rin jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lé díẹ̀. Kò sì sí eré lójú ọmọkùnrin yẹn. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀: jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ohun tó bá sì sọ náà ló máa ṣe. Nígbà tó lọ tán, ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Ovi ṣie," ó ní, "wá nǹkan ṣe sí inú yìí. Mi ò fẹ́ lọ kú sí ẹ̀gbẹ́ tírélà."

Ovi ṣie, ọmọ mi ni lédè Ègùn. Èdè Yorùbá ni ìyá mi fi ń bú mi. Tó bá ti bọ́ sí Ègùn, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Mo délé, mi ò rí oorun sùn dáadáa. Ẹ má ṣe rò pé inú yàrá búlúù yẹn ni wàhálà wà. Àbúrò mi á tọ́jú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Bí ó bá jí láàárọ̀ tí kò gbọ́ òkun, tí kò rí ẹni tó ń na àwọ̀n tí ó lè bú pé kò mọ àwọ̀n nà, kí ni yóò máa fi ẹnu rẹ̀ ṣe? Ẹnu yẹn á kú ṣáájú rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá sí ìsọ̀ wa, tó máa ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn. Ó ń ta oògùn inú ike, tí wọ́n ya àwòrán ewé sí lára. Alofẹ́rà ni, ó ní: ó ń fọ inú, ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Mo bi í bóyá ó lè bá mi fọ ṣọ́ọ̀bù mi náà. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá dá iye tí wọ́n ń tà á, èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Mo na ìka sí ike ọ̀dà tó wà níwájú ìsọ̀ mi, níbi tí mo gbin alofẹ́rà sí, tí àwọn ọmọge máa ń já láti fi pa irun.

"Ṣé kì í ṣe bàbá ẹ ló jókòó síbẹ̀ yẹn?"

"Tiyín ò tíì gba ilé iṣẹ́ kọjá, Mà."

"Tèmi gba ọwọ́ Ọlọ́run kọjá. Ìyẹn ò tó?"

Ó kó ike rẹ̀, ó lọ bá ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí ilé-ìwé tó sú mi, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ohun tí èèyàn ń fi pa irun yàtọ̀ sí ohun tó ń gbé mì. Mo bá lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí wa. Oníbàárà mi ni. Ọmọbìnrin náà kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Tó bá fẹ́ ra garawa lọ́wọ́ mi, á kọ́kọ́ dúró lé e lórí.

"Ẹ gbọ́, Mà," ó ní. "Inú ewé yẹn funfun, ó ń yọ̀. Ìyẹn lẹ máa lò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ èèpo rẹ̀, omi kan wà tó pupa rúsúrúsú, tó korò gan-an. Ìyẹn á ṣí inú Màmá dànù. Tí ẹ bá ti gé ewé, ẹ gbé e dúró sínú abọ́ kí omi yẹn ro tán. Kí ẹ wá bó o, kí ẹ fọ inú funfun yẹn dáadáa. Ṣíbí méjì nínú kọ́ọ̀bù omi kan ti tó. Àwọn kan ń sọ pé ó ń bá àwọn ṣe é, àwọn mìíràn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi Màmá irú oògùn tí wọ́n ń lò, kí ẹ wá sọ fún mi kí ẹ tó fún wọn mu."

Mo ní mo ti gbọ́. Lóòótọ́ sì ni mo gbọ́. Gígé, gbígbé dúró, bíbó, fífọ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn ni kò wọlé, nítorí pé oníbàárà kan ń pè mí lórí fóònù pé òun ń dúró nídìí ọjà mi. Mi ò bi ìyá mi nípa oògùn kankan. Mo sọ ọ́ síbí báyìí kí ẹ lè yára bá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì mo kó ewé mẹ́fà sínú báàgì, mo mú abọ́ funfun kan àti asẹ́ kan láti inú ọjà mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Topo. Nígbà tí ìyá mi rí ewé náà, ó ní:

"Etí erin nìyí. Ìyá mi máa ń fi í sí ojú ibi tí iná bá jó èèyàn. Níbo ló ti jó mi?"

"Inú yín ló fẹ́ lọ, Mààmi."

Mo gé ìdí ewé kan, mo gbé e dúró sínú abọ́. Omi pupa yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ro, díẹ̀díẹ̀, bí omi ojú ọmọ tó ń fi agídí sunkún. Nígbà tó ro tán, mo bó èèpo rẹ̀. Ohun funfun inú rẹ̀ yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó já bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sábẹ́ àga. Adìẹ kan sá wá, ó ṣá a jẹ, ó gbọn orí, ó sá jáde. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Mo fọ èyí tó kù, mo gé e wẹ́wẹ́ sínú omi, mo fún un. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó wo inú kọ́ọ̀bù.

"Osin ni èyí!" Omi ló ń wí. "Ìwọ ọmọ yìí, o wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá orí omi láti wá fún mi ní omi? Omi náà tún ní kàtá!"

"Oògùn ni."

"Oògùn wo ni kò korò? Ewúro korò. Dógóyárò korò. Gbogbo ohun tí mo ti mu láyé yìí tó wò mí sàn ló korò. Èyí ò ní itọ́wò kankan, ó kàn ń rìn lọ́nà ọ̀fun bí ẹni tó ń wá ilé onílé."

"Ẹ ṣáà mu ún, Mààmi. Omi tó korò náà nìyí nínú abọ́, òun ni nọ́ọ̀sì ní kí ẹ máa dà nù. Kò dáa rárá."

"Mo gbọ́."

Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣe é fúnra rẹ̀ láràárọ̀, èmi á sì máa kó ewé wá lẹ́yìn ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ojú rẹ̀ wà lára abọ́ náà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń bó o ló ń wò.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, fóònù mi dún nígbà tí mo ń ná ọjà pẹ̀lú obìnrin kan.

"Mo lọ," ìyá mi wí.

"Ẹ lọ síbo?"

"Ẹ̀yìnkùlé, ìwọ òmùgọ̀ yìí!"

Mo pariwo, mo fò sókè láàárín àwọn garawa mi. Obìnrin tó ń ná ọjà bi mí pé ta ló bímọ. Mo ní ìyá mi ni. Inú mi dùn débi pé mo dín owó abọ́ kù fún un, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ara mi di dókítà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan ikùn níwájú ìsọ̀ mi, màá pè é. Mo tiẹ̀ di abọ́ kan àti asẹ́ kan pọ̀, mo fi okùn so ó, mo ń pè é ní ti alofẹ́rà. Wọ́n ń rà á o! Onítáì wá, ó dúró, ó wo abọ́ mi, ó wo ike oògùn tirẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Mo ní kó má bínú, kó wá ra ọ̀kan.

Ìyá mi náà ń fọ́nnu. Ẹni tí kì í dárúkọ ìgbọ̀nsẹ̀ létí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá ń ròyìn fún un lórí fóònù. "Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta lónìí!" Ọjọ́ kejì, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin!" Àbúrò mi pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin kò ha ti pọ̀ jù?"

"Ṣé ìwọ ló ń bá wọn yà á? Ọjọ́ tí wọn ò lọ, o ní o fẹ́ gbé wọn. Wọ́n wá ń lọ, o tún ń kà á."

Ó kàn ní ó ku ọjà kan.

Ọjà kan ọ̀hún ló kù lóòótọ́ nígbà tí mo se ọbẹ̀ ẹja tútù tí ata rẹ̀ mú dáadáa, mo wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án láìsọ fún ìyá mi pé mò ń bọ̀. Mo fẹ́ ká jọ jẹun ayọ̀. Mo ń pè é láti etí omi, kò dáhùn. Mo débẹ̀, mo bá a lórí ìdúró nínú yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ká kò, kò lè nà án.

"Ta ní ní kó o wá lónìí?" ó ní. Ohùn rẹ̀ kò jáde tán.

"Mààmi, kí ló ṣe yín?"

"Kò sóhun tó ṣe mí. Ara mi le. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo lọ."

Mo gbé e jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò wúwo ju àpò gàrí kékeré lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni abọ́ funfun tèmi. Ewé dúró nínú rẹ̀, ìdí abọ́ náà sì mọ́ tónítóní, bíi pé wọ́n fi ìka lá a. Èmi tí mo ń ta abọ́, mo mọ abọ́ tí wọ́n fọ̀, mo sì mọ èyí tí wọ́n nù gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri. Lẹ́yìn ìkòkò omi ni mo ti rí ìgò ìpara kékeré kan, omi pupa dúdú kún un dé ìdajì. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkorò náà gun orí mi, ó jókòó síbẹ̀.

"Mààmi, ẹ̀ ń mu èyí?"

Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Mò ń dà á sínú omi oníkàtá rẹ."

"Mo ní kí ẹ dà á nù!"

"Ṣé oògùn ni wọ́n ń dà nù? Ìwọ náà ronú sí i. Ewé kan wà, apá kan rẹ̀ korò, apá kan kò ní itọ́wò. O ju èyí tó korò sílẹ̀, o fún mi lókùú rẹ̀. Mo ní ọmọ mi kò mọ̀ ni, ọmọ ìlú ni, jẹ́ kí n bá a tún un ṣe. Kò sì ṣiṣẹ́ bí? Ṣé mi ò lọ?"

Mi ò mọ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Mo ṣe méjèèjì. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn. Ta ló kọ́ mi pé kí n bẹ̀rù oògùn tó bá dùn? Òun náà ni.

Mo na ọwọ́ sí fóònù. Ó di aṣọ mi mú.

"Má pe àbúrò rẹ. Ovi ṣie, mo bẹ̀ ọ́. Ọjà kan ló kù. Fún mi lómi, jẹ́ kí n sùn, màá dìde."

Mo fún un lómi. Mo jókòó tì í. Mo fẹ́ kó rí bó ṣe wí: kó sùn, kó dìde, kó gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó gbìyànjú láti dìde, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lé mi láyà, mo sì gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kíkan kíkan, tó ń sáré, tó ń dúró. Mo pe àbúrò mi. Mo pe ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ìyá mi ò bú mi. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ nìyẹn. Ó kàn pa ojú dé, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi kọjá omi.

Àbúrò mi ti dúró dè wá ní èbúté. Ó gbé e, kò gbé e kọ́ èjìká o, àyà ló gbé e lé bí ọmọ tuntun. Ilé ìwòsàn nọ́ọ̀sì mi la gbé e lọ. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Mo gbé ìgò ìpara yẹn fún nọ́ọ̀sì. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní:

"Màmá, oògùn mìíràn wo lẹ̀ ń lò?"

Ìyá mi fi ọwọ́ kan tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú káàdì oògùn kan jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, irú èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn máa tọ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì gbé e sókè, ó wò mí. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Mo ní kí ẹ bi wọ́n, Mà."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Omi pupa yẹn ń kó iyọ̀ ara wọn jáde. Oògùn yìí náà ń kó o jáde. Kí àwọn méjèèjì jọ máa kó o, ọkàn ò ní mọ bó ṣe máa lù mọ́. Tí ẹ bá dúró di ọ̀la ńkọ́?"

Mo gba káàdì náà, mo ń ka ihò tó ti ṣí lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ojú ìyá mi padà sí ipò rẹ̀. Ó ṣí ojú, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Wo irun orí rẹ. Ṣé o ń ta rọ́bà ni tàbí o ń sùn sínú wọn?" Mo fi gèlè nu ojú. Mo mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Àbúrò mi jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì inú yàrá búlúù. Mo gbọ́ ọ, ìyá mi náà gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú bírò àti ìwé rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Màmá, omi mélòó lẹ̀ ń mu lóòjọ́, kí inú yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í le?"

"Mò ń mu omi."

"Kọ́ọ̀bù mélòó?"

"Ìdajì láàárọ̀. Ìdajì nírọ̀lẹ́." Ó fa aṣọ ìbora mọ́ra. "Nígbà mìíràn, ti àárọ̀ nìkan."

"Pẹ̀lú gàrí gbígbẹ? Nínú ooru yìí? Kí ló dé, Màmá?"

Ìyá mi wo ògiri. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ògiri náà ló bá sọ ọ́.

"Ṣáláńgá jìn. Ẹ̀yìn àwọn igi àgbọn ló wà, iyanrìn ibẹ̀ sì máa ń gbé ẹsẹ̀ mì. Orúnkún mi ò gbé mi mọ́. Mo ṣubú níbẹ̀ nígbà òjò, mo wà nílẹ̀ títí ara mi fi gbà kí n rá padà sílé. Tí mo bá mu omi, mo gbọ́dọ̀ lọ. Tí mi ò bá mu ún, mo lè fara dà á."

"Ẹ ò sọ fún wa," àbúrò mi wí.

"Kí n sọ fún ọ? Kí ìwọ lè wá gbé mi?"

Àbúrò mi dìde, ó jáde. Mo rí i láti ojú fèrèsé, ó dúró sábẹ́ igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ọmọkùnrin yẹn ti kọ́ ilé ìtura, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ìwẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti Morogbo títí dé Àgbádárìgì. Kò sí irú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò tíì gbé kalẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Nígbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá mi ti múra ìjà sílẹ̀. Ó ti gbé àgbọ̀n sókè.

"Ìgbésẹ̀ mélòó ni láti ẹnu ọ̀nà yàrá yín dé igi àgbọn àkọ́kọ́?" àbúrò mi bi í.

Ìyá mi wò ó. Ó ronú. "Mẹ́fà. Tèmi. Tìrẹ á jẹ́ mẹ́ta."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ le?"

"Ó le díẹ̀."

"Màá wò ó lọ́la," àbúrò mi wí, ó sì jókòó. Kò tún sẹ́ni tó dárúkọ Morogbo.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló kó búlọ́ọ̀kù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọlọ́kọ̀ ní òun ò tíì rí ilé tó ń rìn lórí omi rí. Ìyá mi gbé àga síta, ó jókòó ti àbúrò mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ bíríkìlà ní iṣẹ́ bíríkìlà. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀sà, kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ilé aládùúgbò. Fèrèsé gbọ́dọ̀ ga, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa kí òun níbẹ̀. Àbúrò mi ri irin méjì mọ́ ògiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, èyí tí yóò máa dì mú jókòó, tí yóò sì máa dì mú dìde. Ó ní kí èmi jókòó dán an wò, nítorí pé bí irin náà bá gbà mí, ó gba gbogbo ìlú. Mo bú u. Mo sì jókòó.

Nọ́ọ̀sì ti ní ká fi alofẹ́rà mímu sílẹ̀ fún ìyá mi, àti funfun àti pupa, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Omi ni kó máa mu, kó máa jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, kó máa rẹ gàrí rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Èmi ní tèmi, mo tú gbogbo abọ́ àti asẹ́ tí mo dì pọ̀. Mo sì lọ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ra tiwọn lọ́wọ́ mi, mo ń bi wọ́n bí ọlọ́pàá pé oògùn wo ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń mu ún, òun ti fi asẹ́ òun sẹ́ ògì.

Ọjọ́ tí ilé kékeré náà gbẹ, èmi àti àbúrò mi sùn sí Topo. Ìyá mi jí láàárọ̀, ó mu kọ́ọ̀bù omi kan tán, ó tún mu èkejì, ó wò wá bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn-àjò, ó gba orí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, ìgbésẹ̀ mẹ́fà, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì dìde, a tẹ̀ lé e, a dúró síta. Àbúrò mi fi etí sọ́nà, ó ń gbọ́ bóyá irin rẹ̀ dúró. Èmi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ohùn ìyá mi wá láti inú, "mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ lọ wá nǹkan ṣe! Àbí ilé ta ni ẹ rò pé ẹ wà?"